Irin, kẹ́ẹ̀gì omi tàbí agolo páúdà: èwo ló yẹ ẹni tó sanra tó ń ro ti ọkàn rẹ̀?

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: agolo dúdú kan tó tóbi tó garawa ọ̀dà, irú páúdà purotéènì tí àwọn tó ń gbé irin ń pò mu. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Wọ́n ní èyí máa ń yọ ọ̀rá, ó sì dáa fún ọkàn. Mo ti rà á; ṣé kí n máa mu ún?" Ọmọ ọdún 52 ni wọ́n, tíṣà ni wọ́n n'Íbàdàn. Kílò 96 ni wọ́n wọ̀n, gíga wọn sì jẹ́ mítà 1.63. Nọ́ọ̀sì tó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn lóṣù tó ṣáájú kọ 146/92 sínú káàdì wọn. Mo ní kí wọ́n fọwọ́ wọ́nú ná, mò ń bọ̀ wá kí wọn lọ́jọ́ Àìkú. Ohun tí a jọ sọ lọ́jọ́ náà ni mo tò síbí, torí mo mọ̀ pé àwọn tí wọ́n ń bi ara wọn ní irú ìbéèrè yìí pọ̀, pàápàá àwọn tó ti kọjá ogójì ọdún tí aṣọ ti ń fún pinpin mọ́ lára.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo bá wọn sọ ni pé eré ìmárale lèèyàn ń kọ́kọ́ yàn, kó tó kan páúdà. Iṣan tí kò ṣiṣẹ́ kò ní ohun tí yóò fi àfikún purotéènì ṣe. Ara á kàn lò ó bíi gaàrí tàbí ìrẹsì, èyí tó bá ṣẹ́kù á sì di ọ̀rá. Fún ìdí èyí, ìfiwéra méjì ló wà níbí: ti eré ìmárale, lẹ́yìn náà ti purotéènì.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Àkọ́kọ́ ni ọkàn fúnra rẹ̀. Kílò nìkan kò tó láti fi mọ̀ bóyá ọkàn ń rí ìsinmi. Ẹ wo ìfúnpá, ẹ wo ṣúgà àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ẹ sì fi téèpù télọ̀ wọn ikùn yín. Àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìtọ̀ ṣúgà, International Diabetes Federation, fi ààlà sí sẹ̀ǹtímítà 94 fún ọkùnrin àti 80 fún obìnrin fún àwa tí a wá láti gúúsù Sàhárà. Ọ̀rá inú ikùn, èyí tó wé mọ́ ẹ̀dọ̀ àti ìfun, ló ń yọ ọkàn lẹ́nu ju ti ìdí tàbí itan lọ.

Ìkejì ni owó. Ti eré ìmárale, ẹ ṣírò ohun tí oṣù kan yóò ná yín, kí ẹ fi owó ọkọ̀ kún un. Ti purotéènì, ẹ má wo iye tí wọ́n ń ta agolo. Ẹ wo iye tí gíráàmù purotéènì kan ń jẹ́.

Ìkẹta ni bóyá a lè gbára lé e. Ṣé ohun tí wọ́n kọ sára agolo ló wà nínú rẹ̀ lóòótọ́? Ṣé ẹ ó ṣì máa ṣe eré náà lóṣù kẹta, tí òjò bá ń rọ̀, tí wọ́n bá mú iná lọ? Ìkẹrin ni bóyá ó bá ara yín mu: orúnkún, inú, kíndìnrín, àti àkókò tí ẹ ní.

Kí ẹ tó gbé ohunkóhun

Ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ bá ti dé 180/110, dọ́kítà ló yẹ kó kọ́kọ́ rí, kì í ṣe irin. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí àyà ń dùn, tàbí tí èémí ń kúrú nígbà tó bá ń gun àtẹ̀gùn. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ dá a dúró nítorí pé ó ti bẹ̀rẹ̀ eré ìmárale. Dọ́kítà ló máa pinnu ìgbà tí oògùn yóò dín kù, bó bá máa dín kù rárá.

Ìdí tí irin nìkan kò fi tó

Ìwádìí kan wà tí mo sábà máa ń tọ́ka sí, torí irú ẹ̀gbọ́n mi gan-an ni wọ́n kó jọ fún un. Iowa State University ní Amẹ́ríkà ló ṣe é, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2024. Èèyàn 406 ni wọ́n, ọjọ́ orí wọn bẹ̀rẹ̀ láti 35 dé 70, gbogbo wọn ló sanra, ìfúnpá wọn ti ń gòkè, wọn kì í sì í ṣe eré ìmárale tẹ́lẹ̀. Wọ́n pín wọn sọ́nà mẹ́rin. Àwọn kan ń gbé irin nìkan. Àwọn kan ń ṣe eré tó ń mú èémí yára nìkan, bíi ká rìn kíákíá tàbí ká wa kẹ̀kẹ́. Àwọn kan pín àkókò wọn sí méjì, ìdajì fún irin, ìdajì fún eré èémí. Àwọn tó kù ń bá ìgbésí ayé wọn lọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wákàtí kan ni, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, fún ọdún kan gbáko.

Nígbà tí wọ́n da ìfúnpá, ọ̀rá burúkú inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní LDL, ṣúgà àti ọ̀rá ara pọ̀ tí wọ́n ṣírò wọn, ara àwọn tó ṣe eré èémí àti àwọn tó pín in sí méjì yá ju ti àwọn tí kò ṣe nǹkan kan lọ. Àwọn tó gbé irin nìkan kò rí irú ìyàtọ̀ yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rá ara tiwọn náà fò lọ díẹ̀.

Kí wá ni a tún ń gbé irin fún? Ìdí rẹ̀ wà. Nínú àlàyé tí American Heart Association, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkàn ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 2023, ewu àìsàn ọkàn àwọn tó ń ṣe eré tó ń fún iṣan lágbára fi nǹkan bí ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àwọn tí kì í ṣe é. Iṣan ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú ṣúgà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Ohun mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í rò: bí èèyàn bá fi ebi nìkan fọn, kì í ṣe ọ̀rá nìkan ló ń lọ. Bíi kílò kan nínú mẹ́rin tó bá bọ́ lè jẹ́ iṣan. Ẹ ti rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí: ojú rẹ̀ hunjọ, ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín, ikùn rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Tó bá tún sanra padà, ọ̀rá ló ń padà wá, iṣan kì í tètè padà.

Nítorí náà, èyíkéyìí tí ẹ bá mú nínú àwọn tó ń bọ̀ yìí, ẹ fi ìrìn kún un. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa rí ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ fún eré tó ń mú èémí yára díẹ̀, kó sì fi ọjọ́ méjì ó kéré tán fún iṣan. Ìṣẹ́jú 30 lọ́jọ́ márùn-ún nìyẹn. Ìrìn tí ẹ lè sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ àmọ́ tí ẹ kò lè kọrin ni mo ń sọ, kì í ṣe ìrìn ẹni tó ń wo ọjà kiri.

Jíìmù

Àǹfààní tó ga jù ní jíìmù ni pé irin ibẹ̀ ní nọ́ńbà. Ẹ mọ̀ pé kílò 10 lẹ gbé lọ́sẹ̀ yìí, ẹ ó gbé 12 lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìlọsókè díẹ̀díẹ̀ yẹn gan-an ló ń kọ́ iṣan. Àwọn ẹ̀rọ tí èèyàn ń jókòó lò tún dáa fún ẹni tí orúnkún ń yọ lẹ́nu, torí ẹ̀rọ náà ló ń gbé ara dúró.

Àmọ́ owó oṣooṣù ń bẹ, owó ọkọ̀ ń bẹ, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ náà ń bẹ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló san owó oṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan tí wọn kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Èmi náà ti ṣe é rí.

Ohun tó dùn mí jù níbi jíìmù ni ti àwọn kóòṣì kan. Mo lọ sí ọ̀kan nígbà kan tí kóòṣì gbé irin lé mi léjìká lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò bi mí ní ọjọ́ orí, kò béèrè ìfúnpá, ó kàn ń pariwo pé, "Sé èémí ẹ, tì í!" Ẹ má ṣe gbà. Sísé èémí níbi tí ẹrù ti wúwo máa ń gbé ìfúnpá lọ sókè bí ìgbà tí ẹ̀rọ bá ń ti omi. Ní 1985, àwọn olùwádìí ní Kánádà fi ẹ̀rọ sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń gbé irin tó wúwo gidigidi, ẹsẹ̀ méjèèjì ni wọ́n fi ń tì í. Ìpíndọ́gba ìfúnpá wọn nígbà tó le jù jẹ́ 320/250. Ọ̀dọ́ tí ara wọn le ni wọ́n, ó sì sọ̀ kalẹ̀ kíákíá. Ẹni ọdún 52 tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò ní ohun tó ń wá lọ síbẹ̀. Ẹrù tí ẹ lè gbé lẹ́ẹ̀mẹ́wàá sí ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láì sé èémí ni tiyín: ẹ mí jáde nígbà tí ẹ bá ń tì í, ẹ mí sínú nígbà tí ẹ bá ń dá a padà.

Kẹ́ẹ̀gì, àga àti ògiri

Èyí ni mo fẹ́ràn jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, mi ò sì ní fi bò. Ilé wo ni kò ní kẹ́ẹ̀gì òróró tó ti ṣófo? Lítà omi kan, kílò kan. Ẹ bu lítà 4 sínú kẹ́ẹ̀gì lítà 10, ẹ ti ní irin kílò 4. Tó bá rọrùn, ẹ fi lítà kan kún un. Kò sí jíìmù tí irin rẹ̀ ń lọ sókè wẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí a ṣe lọ́jọ́ Àìkú yẹn nìyí. Ẹ̀gbọ́n mi fa àga oúnjẹ kan jáde, wọ́n jókòó, wọ́n dìde láì fọwọ́ tì í, lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Ní ìkẹjọ wọ́n ní, "Háà, itan mi!" A sinmi. Wọ́n fọwọ́ méjèèjì ti ògiri, wọ́n ń fara sún mọ́ ọn, wọ́n ń ti ara wọn padà, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà wọ́n tẹ̀ díẹ̀, ọwọ́ kan lórí àga, ọwọ́ kejì ń fa kẹ́ẹ̀gì bọ̀ síhà ìhà. Ibi ìdìmú kẹ́ẹ̀gì ni wàhálà wà: etí rẹ̀ mú, ó ń gé ọwọ́. Wọ́n wá àkísà àdìrẹ kan wé e, ó parí. Gbogbo rẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́ta, kò ju ìṣẹ́jú 25 lọ.

Ògiri tún ní iṣẹ́ mìíràn. Ẹ fi ẹ̀yìn tì í, ẹ sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jókòó sórí àga tí kò sí, kí ẹ dúró síbẹ̀. Àkópọ̀ ìwádìí 270 tó jáde ní 2023 fi hàn pé irú eré adúrósójúkan yìí ló dín ìfúnpá ìsinmi kù jù nínú gbogbo oríṣi eré ìmárale tí wọ́n fi wéra: bíi 8 lókè àti 4 nísàlẹ̀. Ohun tí wọ́n sábà ń ṣe ni ìṣẹ́jú méjì lẹ́ẹ̀mẹ́rin, pẹ̀lú ìsinmi láàárín, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò lè ju ìṣẹ́jú àáyá 20 lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ibi tí wọ́n sì dúró sí ga ju ti àga lọ dáadáa. Kò burú. Ẹ má sé èémí níbẹ̀ náà.

Àbùkù ọ̀nà yìí ni pé kò sí ẹni tó ń wo bí ẹ ṣe ń ṣe é, kò sì sí ẹni tó máa bi yín pé níbo lẹ wà lánàá. Ẹni tí kò lè dá nǹkan ṣe láì sí ẹlòmíì, kí ó wá ẹnì kejì.

Rọ́bà

Rọ́bà afàgùn dáa fún ẹni tó ń rìnrìn àjò, torí ó ń wọ inú àpò. Ó rọ orúnkún àti ìgbọ̀nwọ́ lọ́rùn. Àmọ́ ẹ kò lè mọ iye kílò tí ẹ ń fà ní pàtó, oòrùn wa sì máa ń tètè ba rọ́bà jẹ́. Àwọn kan ń gé tíúbù kẹ̀kẹ́ lò ó. Mo ti rí èyí tó já tó gbá ẹni tó ń fà á létí. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó fà á.

Ó wá kan purotéènì: mélòó la ń fẹ́?

Àgbàlagbà tó jókòó nílò nǹkan bíi gíráàmù 0.8 fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n. Ẹni tó ń gbé irin nílò 1.2 sí 1.6. Nínú ìwádìí 49 tí wọ́n kó pọ̀ ní 2018, ohun tó bá ti kọjá nǹkan bíi 1.6 kò tún fi iṣan kún iṣan mọ́. Ẹni tó sanra kò gbọdọ̀ fi kílò tó wọ̀n lónìí ṣírò o, torí ọ̀rá kì í jẹ purotéènì bí iṣan ṣe ń jẹ ẹ́. Kílò tí ẹ ń lé ni kí ẹ lò. Ẹ̀gbọ́n mi ń lé 75. A fi 1.2 lu 75, ó di gíráàmù 90 lójúmọ́.

A wá ka ohun tí wọ́n jẹ lánàá: ògì àti àkàrà mẹ́ta láàárọ̀, ẹ̀bà àti ewédú pẹ̀lú ẹja tí kò ju àtàǹpàkò méjì lọ lọ́sàn-án, ìrẹsì pẹ̀lú ẹyin kan lálẹ́. Ojú la fi wò ó, a ò fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n, àmọ́ kò lè ju 45 lọ. Ìdajì gééré. Ihò tí a ń wá ohun tí a ó fi dí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìwádìí kan kún un, torí àwọn tó ń ta páúdà fẹ́ràn rẹ̀. Ní McMaster University ní Kánádà, ní 2016, wọ́n dín oúnjẹ ogójì ọ̀dọ́kùnrin tó sanra kù gan-an fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wọ́n sì fi eré ìmárale líle sí i. Àwọn tó jẹ gíráàmù 2.4 fún kílò kan pàdánù ọ̀rá kílò 4.8, iṣan wọn sì fi kílò 1.2 kún. Àwọn tó jẹ 1.2 pàdánù ọ̀rá 3.5, iṣan wọn dúró síbi tó wà. Èsì tó dáa ni. Àmọ́ ọ̀dọ́ ni wọ́n, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń ṣe eré, àwọn olùwádìí ló sì ń bọ́ wọn. Ẹ wo bí àwọn tó jẹ 1.2 pàápàá ṣe mú gbogbo iṣan wọn dúró. Eré ìmárale ló ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ìkòkò ọbẹ̀

Ẹyin kan ní nǹkan bíi gíráàmù 6. Ẹja títọ́ọ̀sì tí a sè, gíráàmù 100 rẹ̀ ní tó 20, pẹ̀lú ọ̀rá omega-3 tó bá ọkàn ṣọ̀rẹ́. Àyà adìyẹ tí a sè ní bíi 30 nínú 100. Ẹ̀wà sísè ní nǹkan bíi 8 nínú 100, àmọ́ ta ló ń jẹ ẹ̀wà gíráàmù 100 péré? Ẹ̀wà tún ní ohun tí ẹran àti páúdà kò ní: okùn oúnjẹ tó ń bá wa dín LDL kù, tó sì ń mú inú kún pẹ́. Tí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ kan nínú gbogbo ohun tó wà níbí, mọ́ínmọ́ín tí wọ́n fi ẹja àti ẹyin sí ni mo máa mú, kí epo rẹ̀ má pọ̀.

Epo àti iyọ̀ ló ń ba ọ̀nà yìí jẹ́. Ẹja tí a rì sínú epo gbígbóná kì í ṣe ẹja tí a sè. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ wa lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn síbí tíì kan pẹ̀lú gbogbo èyí tó fara sin sínú Maggi, sínú ẹja agolo àti sínú ẹja yíyan. Ẹni tó ń jẹ purotéènì púpọ̀ sí i nípa fífi suya kún oúnjẹ rẹ̀ ní gbogbo alẹ́ ń fi ọ̀tún kọ́lé, ó ń fi òsì wó o. Ẹ̀pà náà lérè, gíráàmù 25 nínú 100, àmọ́ agbára oúnjẹ inú 100 yẹn ju kálórì 550 lọ. Ẹ̀kúnwọ́ kan tó.

Pọ̀nmọ́ ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n mi bínú nígbà tí mo sọ ọ́. Purotéènì inú awọ tí wọ́n ń pè ní collagen ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, èyí tí kò ní tryptophan, ọ̀kan lára àwọn èròjà tí ara kò lè dá ṣe. Ẹ máa jẹ ẹ́ fún adùn, ẹ má kà á mọ́ 90 yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni páúdà collagen olówó iyebíye tí wọ́n ń polówó fún awọ ara: pọ̀nmọ́ tó wọ kóòtù ni.

Páúdà whey

Omi tó ń ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n bá ń sọ wàrà di wàràkàṣì (cheese) ni whey ti ń jáde. Síbí ńlá kan, bíi gíráàmù 30, sábà máa ń ní purotéènì 20 sí 25, pẹ̀lú nǹkan bíi kálórì 120. Oúnjẹ tó ń kó purotéènì tó bẹ́ẹ̀ jọ sínú kálórì kékeré bẹ́ẹ̀ láì dáná kò pọ̀. Fún ẹni tó ń jáde nílé láago márùn-ún àárọ̀, iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Ní University of Reading ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fún àwọn tí ìfúnpá wọn ga díẹ̀ ní gíráàmù 56 lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ìfúnpá òkè wọn sì fi bíi 4 sọ̀ kalẹ̀. Ó kéré sí ti ògiri tí mo sọ lókè, ògiri sì jẹ́ ọ̀fẹ́.

Àbùkù rẹ̀: inú wa. Ọ̀pọ̀ nínú àwa èèyàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ara wọn kì í gba ṣúgà inú wàrà mọ́ lẹ́yìn ìgbà èwe. Mo mu síbí méjì tó kún láago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ kan, mo wọ ọkọ̀ ní Ìwó Róòdù. Kí a tó dé Mókólá, inú mi ti ń sọ̀rọ̀ débi pé obìnrin tó jókòó tì mí bẹ̀rẹ̀ sí í wojú mi. Mo ní kí dẹ́rẹ́bà já mi sílẹ̀. N kò ní sọ ìyókù. Tí irú èyí bá ṣe yín, èyí tí wọ́n kọ isolate sí ni kí ẹ wá. Ó gbówó lórí, àmọ́ ṣúgà wàrà inú rẹ̀ kò tó nǹkan.

Àbùkù kejì ni ayédèrú. Àwọn olùṣe kan máa ń da èròjà tí kò wọ́n, bíi glycine tàbí taurine, sínú rẹ̀ kí ìdánwò lè máa ka purotéènì tó pọ̀ ju èyí tó wà níbẹ̀ lọ. Bí ẹ bá rí orúkọ wọn nínú ohun tí wọ́n kọ sára agolo, ẹ gbé e padà sórí pẹpẹ. Ní Nàìjíríà, ẹ wá nọ́ńbà NAFDAC. Ẹ̀yin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Manchester, àmì Informed Sport túmọ̀ sí pé ẹlòmíì ti yẹ̀ ẹ́ wò fún àwọn èròjà tí eré ìdárayá fòfin dè. Ẹ má ra èyí tí wọ́n wọ̀n sínú náílọ́ọ̀nù lójú ọjà, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

Ìṣirò owó rẹ̀: ẹ fi gíráàmù purotéènì inú síbí kan lu iye síbí tó wà nínú agolo, kí ẹ wá fi pín owó agolo náà. Ká ní agolo kan jẹ́ 60,000 náírà, síbí 30 ló wà nínú rẹ̀, 24 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: gíráàmù 720, náírà 83 ó lé díẹ̀ fún gíráàmù kan. Ẹ ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ fún kírétì ẹyin ọjà yín, ìyẹn ẹyin 30, gíráàmù 180. Ibi tí owó yín bá tẹ̀ sí, ẹ ó rí i fúnra yín.

Mo wá na fọ́tò agolo ẹ̀gbọ́n mi fẹ̀ lórí fóònù. Ní ìsàlẹ̀, ní lẹ́tà wínníwínní: *mass gainer*. Ohun tí wọ́n fi ń mú ẹni tín-ín-rín sanra ni! Ìyẹ̀fun ṣúgà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, irú àwọn bẹ́ẹ̀ sì lè ju kálórì 1,000 lọ fún ìgbà kan tí èèyàn bá mu ún. Ẹni tó tà á fún wọn ló ní ó ń yọ ọ̀rá. Èyí tí wọ́n sì ń pè ní fat burner, kaféènì àti irú rẹ̀ ló sábà wà nínú rẹ̀, ó sì lè gbé ìfúnpá sókè. Ẹ sá fún méjèèjì.

Sóyà

Ẹ̀wà sóyà gbígbẹ ní tó gíráàmù 36 nínú 100, kò sí ẹ̀wà tó sún mọ́ ọn nílẹ̀ yìí, owó rẹ̀ kò sì ga. Ní 1999, àjọ FDA tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà gbà kí àwọn olùṣe máa kọ ọ́ sára ọjà pé gíráàmù 25 lójúmọ́ lè dín ewu àìsàn ọkàn kù. Ní 2017, àjọ náà fúnra rẹ̀ dábàá pé kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ yẹn padà, torí ẹ̀rí kò dọ́gba. Lójú tèmi, oúnjẹ tó dáa ni, kì í ṣe oògùn ọkàn.

Wàrà sóyà tí wọ́n ń dín lójú ọ̀nà, ẹ rà á ní tútù kí ẹ lọ sè é sínú ọbẹ̀ nílé. Ẹni tó fẹ́ lọ̀ ọ́ sínú ògì gbọ́dọ̀ yan án tàbí sè é dáadáa kó tó lọ̀ ọ́, torí sóyà tútù ní ohun tó ń dí purotéènì lọ́wọ́ láti dà nínú ikùn. Ẹni tó ń lo oògùn gẹ̀gẹ̀, kó fi wákàtí mélòó kan sáàárín òun àti sóyà. Ẹ̀yin ọkùnrin tó ń bẹ̀rù pé yóò sọ yín di obìnrin, àwọn ìwádìí tí wọ́n kó pọ̀ kò rí i kó dín testosterone, họ́mọ́ọ̀nù ọkùnrin, kù.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Ẹni tí dọ́kítà ti sọ fún pé kíndìnrín rẹ̀ ń ní ìṣòro, kó má fi purotéènì kún oúnjẹ rẹ̀, ti agolo tàbí ti ìkòkò, láì jẹ́ pé dọ́kítà yẹn sọ ọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà sì máa ń ba kíndìnrín jẹ́ láì pariwo, nítorí náà ẹ ní kí wọ́n yẹ creatinine yín wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ìyẹn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń fi hàn bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ wà láàárín 130 sí 160, tí kò ṣe eré ìmárale rí, tí owó kò sì tú: kẹ́ẹ̀gì àti àga lọ́jọ́ méjì tàbí mẹ́ta, ògiri lọ́jọ́ mẹ́ta, ìrìn lọ́jọ́ márùn-ún, ẹyin, ẹja àti ẹ̀wà. Páúdà kò kàn án.

Ẹni tó ti ń ṣe eré fún oṣù mẹ́ta, tí kẹ́ẹ̀gì ti fúyẹ́ lójú rẹ̀, tí jíìmù sì wà lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́ rẹ̀: kó lọ san owó oṣù kan, kì í ṣe mẹ́ta. Kóòṣì tí kò bá béèrè ìfúnpá rẹ̀, kó wá òmíràn.

Ẹni tí iṣẹ́ kì í jẹ́ kó dáná, tí ó ka oúnjẹ rẹ̀ tó rí i pé ó jìnnà sí iye tó yẹ, tí ó sì ń gbé irin lóòótọ́: whey, síbí kan lójúmọ́, isolate tí inú bá ń ṣe é. Ẹni tí kì í jẹ ẹran tàbí tí wàrà kò bá lára mu: sóyà. Àgbà tó ti lé ní 65, tí oúnjẹ kì í wù ú jẹ mọ́, ni mo rò pé páúdà wúlò fún jù nínú gbogbo wa, àmọ́ òun gan-an ni kò sẹ́ni tó ń polówó rẹ̀ fún.

Ẹ̀gbọ́n mi dá agolo padà, wọ́n sì gba ìdajì owó wọn. Wọ́n fi ra kírétì ẹyin méjì. Dọ́kítà kò yí oògùn wọn padà. Ní ọ̀sẹ̀ kejìlá, káàdì wọn ka 137/85, téèpù sì fi sẹ̀ǹtímítà 5 sọ̀ kalẹ̀ nídìí ikùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kílò mẹ́ta péré ló lọ. Lánàá wọ́n tún fi fọ́tò ránṣẹ́: kẹ́ẹ̀gì yẹlò pẹ̀lú àkísà àdìrẹ lọ́rùn, ilà bírò mẹ́fà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì, èyí tó wà lókè pátápátá sì ni lítà 9.